Òṣùpá Inú Aró: Àwòrán Pákó Kawase Hasui àti Àdìrẹ Òṣùbàǹbà

Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, mo kọ gbólóhùn kan tí ó ti di ẹ̀gún sí mi lẹ́sẹ̀ báyìí. Mo ní iṣẹ́ ọnà Yorùbá àtijọ́ kò ní àwòrán ojú-ilẹ̀; pé ènìyàn, ẹranko àti òrìṣà ni ọnà wa mọ̀, kò mọ òkè, odò, ọ̀run àti òṣùpá. Kì í ṣe èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Inú ìwé ni mo ti bá a, mo sì tún un kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń sọ ohun tí gbogbo ayé ti gbà. Àwọn tí ó yẹ iṣẹ́ náà wò kò bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó bi mí, ní kíláàsì, nígbà tí mo fi àwòrán pákó ará Jàpáànù kan hàn wọ́n láti fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí àwa kò ní. Ó wo àwòrán náà títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe èyí náà ni ó wà lára àdìrẹ àwọn ìyá àgbà wa?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì kọjá sí àwòrán tí ó kàn. Ìdáhùn tí n kò fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ gbìyànjú láti fún un níhìn-ín.

Àwòrán tí mo fi hàn wọ́n ni Òṣùpá Magome, iṣẹ́ Kawase Hasui, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1930 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ ogún àwòrán nípa Tokyo. Ẹ̀bá ìlú ni Magome wà nígbà náà. Ilẹ̀ ti ṣú nínú àwòrán yìí. Àwọn igi páìnì gíga dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn wọn ni òṣùpá àrànmọ́jú wà, tí ìkuukùu tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Nísàlẹ̀, ilé àgbẹ̀ kan dúró nínú òkùnkùn, fèrèsé kan lára rẹ̀ sì ní iná. Kò sí ẹnikẹ́ni níta. Yàtọ̀ sí òṣùpá àti fèrèsé náà, aró ni gbogbo rẹ̀, láti orí èyí tí ó mọ́ rokoṣo títí dé orí èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di èédú.

Hasui, tí wọ́n bí ní 1883, tí ó sì kú ní 1957, kì í dá iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Òun a ya àwòrán ìpilẹ̀. Agbẹ́pákó a gbẹ́ ẹ sára igi ṣẹ́rì, pákó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Atẹ̀wòrán a fi ọ̀dà kun pákó, a gbé bébà lé e, a sì fi ohun ìtẹ̀ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní baren ra ẹ̀yìn bébà náà pẹ̀lú agbára apá. Olùtẹ̀jáde, Watanabe Shozaburo, ni ó ń kó wọn jọ, tí ó ń náwó sí i, tí ó sì ń wá ẹni tí yóò rà á, títí dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, tí iná sì ran ìlú náà, àwọn pákó Watanabe jóná, ìwé ìyàwòrán Hasui náà sì jóná pẹ̀lú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí àwíjàre kan tí a máa ń ṣe nípa àdìrẹ: pé nítorí pé a kò mọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, pé ẹni tí ó dì í lè má jẹ́ ẹni tí ó rẹ ẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà tí lámèyítọ́ lè gbé yẹ̀ wò bí ó ṣe ń gbé ewì yẹ̀ wò. Bí iye ọwọ́ tí ó kan iṣẹ́ bá ń sọ ọ́ di iṣẹ́ lásán, Òṣùpá Magome náà yóò bá a lọ. Orúkọ ẹnì kan ni ó wà lára rẹ̀. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó ṣe é.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa ni ìbéèrè yìí: níbo ni òṣùpá inú àwòrán yẹn ti wá? Ẹni tí ó ń fi ọ̀dà yàwòrán sára kánfáàsì lè ya ọ̀run dúdú tán kí ó tó fi ọ̀dà funfun kan òṣùpá sí i lórí. Nínú àwòrán pákó, ọ̀nà náà kò gba ibẹ̀. Agbẹ́pákó ni yóò gé ibi tí òṣùpá wà kúrò lára pákó tí yóò tẹ àwọ̀ ọ̀run. Nígbà tí atẹ̀wòrán bá gbé bébà lé e, aró yóò mú gbogbo ojú ọ̀run, kò ní mú ibi tí wọ́n gé. Bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi àwọ̀ díẹ̀ kun òṣùpá náà lẹ́yìn èyí, orí ojú bébà tí aró kò kàn ni wọn yóò kùn ún sí. Ìmọ́lẹ̀ inú irú àwòrán yìí jẹ́ ohun tí wọ́n dá sí. Wọ́n ti ní in lọ́wọ́ láti àárọ̀, lára bébà funfun; gbogbo làálàá wọn jẹ́ láti mú òru wá yí i ká láìjẹ́ kí òru gbé e mì.

Òru náà kì í sì í dọ́gba. Òkè ọ̀run a máa ṣókùnkùn, a ó sì máa mọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ti ń sọ̀kalẹ̀. Pákó kò lè ṣe èyí fúnra rẹ̀, nítorí ojú pẹrẹsẹ ni ó ní. Atẹ̀wòrán ni yóò fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì nu ọ̀dà náà lórí pákó títí yóò fi fẹ́lẹ́ lápá kan, tí yóò sì ki lápá kejì. Bokashi ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí. Ó ní láti tún un ṣe fún bébà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, kò sí òru méjì tí ó bára mu délẹ̀délẹ̀ nínú ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àdìrẹ wá. Nínú àdìrẹ oníko, ìyẹn èyí tí a fi ìko dì kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, bátànì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ òṣùbàǹbà. Òṣù tí ó tóbi, tí ó hàn gbangba, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń dì í yóò fi ìka gbá aṣọ funfun mú ní ojú kan, yóò fà á sókè bí orí àgboòrùn tí a pa dé, yóò sì fi ìko wé e ní ìpele ìpele, yóò fi àyè sílẹ̀, yóò tún wé e. Fún àwọn òbìrí kéékèèké tí ó yí ti ńlá ká, a lè di òkúta wẹẹrẹ tàbí kóró èso sínú aṣọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò kan aláró. Aṣọ yóò wọ ìkòkò, yóò jáde. Bí ó bá kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ rẹ̀ yóò dà bí ti ewé, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di aró lójú ẹni tí ó ń wò ó. Yóò tún wọlé, yóò tún jáde. Iye ìgbà tí ó bá wọlé ni iye bí òru rẹ̀ yóò ṣe jìn tó. Nígbà tí a bá tú ìko, òbìrí funfun ńlá yóò yọ, òmíràn nínú òmíràn, etí rẹ̀ kò ní gún, nítorí aró ti yọ́ wọ abẹ́ ìko níhìn-ín, kò sì débẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn òbìrí kéékèèké yóò tú ká ní àyíká rẹ̀.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mi rí nìyí, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ bí yóò ti ṣàlàyé rẹ̀. Kì í ṣe pé òbìrí wà níbí, òbìrí sì wà lọ́hùn-ún. Òbìrí wà lára ọpọ́n àti lára agbọ̀n pẹ̀lú. Ìlànà méjèèjì ni ó bára mu. Nínú méjèèjì, a kò ya òṣùpá. A dáàbò bò ó lọ́wọ́ aró. Agbẹ́pákó fi gígé dáàbò bò ó. Aládìrẹ fi dídì dáàbò bò ó. Èyí tí ó bá sì jẹ́ fífẹ́lẹ́ àti kíki òru nínú méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó di aró mú, kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣètò àwòrán. Mo lè kọ orí ìwé kan lórí Hasui kí n má sì mọ èyí, bí mo bá dúró sórí ohun tí àwòrán náà "fi hàn" nìkan. Àdìrẹ ni ó kọ́ mi láti bi àwòrán pákó ní ìbéèrè nípa ìṣe rẹ̀.

Ìtàn aró pàápàá ní ohun tí ó fi so wọ́n pọ̀, ohun náà kò sì dùn mọ́ àwọn tí ó fẹ́ràn láti máa pe nǹkan ní ojúlówó ìbílẹ̀. Àwọ̀ aró tí àwọn ará Edo ń lò fún àwòrán tẹ́lẹ̀ ti ara ewéko àti òdòdó wá. Òmíràn a máa ṣá kíákíá, òmíràn kò sì mọ́lẹ̀ tó. Ọ̀dà kan tí wọ́n ṣe ní Berlin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ó yí èyí padà. Bero-ai, aró Berlin, ni àwọn ará Jàpáànù sọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ó ti wọ́pọ̀ ní ọjà wọn, Hokusai sì lò ó fún àwọn àwòrán rẹ̀ nípa òkè Fuji, Hiroshige tẹ̀lé e. Ọ̀run aláró tí gbogbo ayé ń pè ní ti Jàpáànù, ọkọ̀ òkun ni ó gbé aró rẹ̀ dé. Àdìrẹ náà kò yàtọ̀. Aṣọ funfun tí a ń dì ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, aṣọ òyìnbó ni. Bí kì í bá ṣe bí ó ṣe fẹ́lẹ́ tí ojú rẹ̀ sì dán, ọ̀pọ̀ bátànì wa kò ní hàn lára rẹ̀. Ìkòkò aró tí ó ń mu èlú àti omi eérú ni ó jẹ́ ti ilé. Nígbà tí sóódà àti aró oníkẹ́míkà, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ BASF ti Jámánì gbé jáde fún títà ní 1897, dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró Ẹ̀gbá, ìjà dé. Wọ́n ní aró náà ń ṣá, pé sóódà ń jẹ aṣọ. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì gbẹ́sẹ̀ lé lílò wọn, àwọn obìnrin aláró kan sì kọ̀ jálẹ̀ pé ìyẹn yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Judith Byfield ti kọ ìtàn yìí sínú ìwé The Bluest Hands ní 2002, n kò sì ní tún un kọ. Mo kàn fẹ́ kí a kíyè sí i pé aró tí ó wá láti Jámánì sọ àwọn ará Edo di ọ̀gá nínú àwòrán òru, kò sì sí ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ sọ pé òru wọn kì í ṣe ti wọn mọ́.

Mo lọ sílé ní Èsìẹ́ nígbà ọyẹ́. Iná mànàmáná ti lọ, òṣùpá sì wà níta. Mo ṣí Òṣùpá Magome lórí fóònù láti fi wé ohun tí mo ń rí. Ìmọ́lẹ̀ fóònù náà ba ojú mi jẹ́ débi pé n kò rí ohunkóhun mọ́, mo pa á. Mo wọlé, mo ní kí ìyá mi bá mi mú aṣọ òṣùbàǹbà ìyá wọn jáde nínú àpótí. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi aṣọ àgbàlagbà ṣe lóru?" Ṣùgbọ́n wọ́n mú un wá, a sì fi í kọ́ sórí okùn aṣọ.

N kò lè fi ohun tí mo rí ṣe ẹ̀rí níwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n mo lè sọ ọ́. Aró aṣọ náà wọ inú òru lọ. Kò dúró gẹ́gẹ́ bí àwọ̀. Ó bá ògiri àti igi máńgòrò ẹ̀yìn rẹ̀ di ohun kan náà. Àwọn òbìrí funfun nìkan ni ó kù, tí ó dúró ní òfuurufú. Òṣùpá òkè náà sì ní òbìrí tirẹ̀, nítorí pé eruku ọyẹ́ fi agbo ràkọ̀ràkọ̀ yí i ká. Láti kékeré ni mo ti ń ka ìpele ìpele tí ó wà lára òṣùbàǹbà sí ẹ̀ṣọ́ lásán. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rò ó pé bóyá ẹni tí ó kọ́kọ́ wé ìko lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta ti wo òṣùpá nígbà ọyẹ́.

Èdè wa ti ń sọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Funfun, pupa, dúdú ni ìpín àwọ̀ mẹ́ta tí a fi ń pe ohun gbogbo; aró wà lábẹ́ dúdú. Aṣọ tí ó bá ti mu aró kánrin, dúdú ni. Ẹtù, tí ó gba orúkọ lára ẹyẹ ẹtù nítorí funfun tíntìntín inú rẹ̀, aṣọ dúdú ni a mọ̀ ọ́n sí, bí òyìnbó bá tilẹ̀ ń fi àwọ̀ mìíràn pè é. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sọ Yorùbá kò nílò ìtumọ̀ kankan kí ó tó gbà pé aró lè dúró fún òru. Ẹni tí ó ń fi èdè mìíràn kọ lámèyítọ́ ni ó ní láti ṣàlàyé ìdí tí òru Hasui kò fi dúdú.

Ẹnì kan yóò ní orúkọ kì í ṣe àwòrán. Pé ọlọ́jà lè sọ bátànì ní ohunkóhun kí ó lè tà. Pé òbìrí lásán ni òṣùbàǹbà bí a bá mú orúkọ kúrò lára rẹ̀. Àtakò yìí lágbára, n kò sì fẹ́ fò ó. Òótọ́ ni pé kò sí ilẹ̀ nínú òṣùbàǹbà. Kò sí igi, kò sí ilé, kò sí ibi tí ọ̀run àti ilẹ̀ ti pàdé. Ẹni tí ó bá ní àwòrán ojú-ilẹ̀ ni, ó fi agbára mú un. Irú agbára bẹ́ẹ̀ sì wọ́pọ̀ láàrin àwa ọ̀dọ́ onímọ̀: òyìnbó ní in, àwa náà ní in, Jàpáànù ní in, àwa náà ní in. N kò fẹ́ kí a fi Hasui ṣe òṣùwọ̀n kí a wá máa gbé ìyá àgbà wa lé e. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe ohun tí a lẹ̀ mọ́ aṣọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ẹni tí ó bá fẹ́ dì í yóò gbọ́ orúkọ náà kí ó tó gbá aṣọ mú. Orúkọ ni yóò sọ fún un bí òbìrí àárín ṣe gbọ́dọ̀ tóbi ju ti ìyókù lọ. Òṣùbàǹbà jẹ́ àwòrán òru. Ìpín yìí ni ó yẹ kí n ti fi sínú iṣẹ́ mi dípò kí n máa wá òkè àti odò kiri.

Ibi tí gbólóhùn mi ti ṣìnà gan-an wà lẹ́yìn ilé wa níbí. Ère òkúta Èsìẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, wọ́n di irun, wọ́n wọ ìlẹ̀kẹ̀. Inú igbó ni wọ́n wà nígbà tí H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ CMS, ròyìn wọn fún ìjọba ní 1933. Ní 1945, ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Inú mi dùn sí ilé náà. Bí kì í bá ṣe òun, bóyá olè ìbá ti kó wọn tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán wọn nínú ìwé. Wọ́n gbé ère kan sórí tábìlì, wọ́n ta aṣọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tan iná sí i lójú. Igbó ti lọ. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ, pé àlejò ni wọ́n, pé wọ́n wá sí ìlú ni wọ́n fi di òkúta, ìtàn ibi kan ni. Ó nílò ọ̀nà tí wọ́n gbà wá àti abẹ́ igi tí wọ́n jókòó sí. Nígbà tí a bá ti gé ère kúrò nínú ibi tí ó wà, tí a sì ti ya fọ́tò rẹ̀ lójú aṣọ funfun, kò yani lẹ́nu pé a ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọnà wọn kò mọ ojú-ilẹ̀. Ojú-ilẹ̀ wà níbẹ̀. Fọ́tò kò mú un. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùbàǹbà tí a tẹ́ pẹrẹsẹ sínú dígí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní London, lábẹ́ iná tí kì í ṣú. Aṣọ ìró ni. Ara ni ó ń gbé e rìn, ó ń pa dé, ó ń ṣí, òṣù kan ń wọ ẹ̀yìn, òmíràn ń yọ níwájú.

Bí mo bá ní láti mú àwòrán Jàpáànù kan tí ó sún mọ́ òru tiwa ju ti Hasui lọ, ti Hiroshige ni n ó mú, èyí tí ó ṣe ní 1856 nípa òpópónà Saruwaka, ibi tí àwọn ilé eré orí ìtàgé Edo wà. Òṣùpá wà lókè. Ojú ọ̀nà kún fún ènìyàn, tí wọ́n ń jáde, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, òjìji kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ó ni ín. Òjìji ṣọ̀wọ́n nínú àwòrán pákó wọn. Níbẹ̀, òun ni ó jẹ́rìí sí òṣùpá. Bí a bá fi ọwọ́ bo òkè àwòrán náà, a ó ṣì mọ̀ pé àrànmọ́jú ni. Ọmọ tí ó bá ti ṣeré òṣùpá rí, tí ó ti ń fò láti tẹ òjìji ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, mọ àwòrán yẹn kí ó tó rí i. Àwọn òbìrí kéékèèké ẹ̀gbẹ́ òṣùbàǹbà, ìràwọ̀ ni àwọn kan pè é, èso ni àwọn mìíràn pè é. Èmi a máa rí àwọn ọmọdé tí wọ́n jáde sí gbangba.

Ohun kan ṣì wà nínú Òṣùpá Magome tí òṣùbàǹbà kò ní, tí n kò sì lè ṣe bí ẹni pé ó ní. Fèrèsé yẹn ni. Ẹnì kan wà nínú ilé pẹ̀lú iná tirẹ̀ nígbà tí òṣùpá ń ràn níta, kò sì jáde wá. Mo ti wo ó lọ́pọ̀ ìgbà, àánú ẹni náà a sì máa ṣe mí, tàbí kí n máa jowú rẹ̀. N kò tíì mọ èwo ni. Mo fi í han ìyá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí a ti ká aṣọ kúrò lórí okùn. Wọ́n mú fóònù, wọ́n gbé e jìnnà sójú díẹ̀, wọ́n ní, "Ara ẹni yẹn ò yá ni?"